Ẹ̀yìn Ló Ń Dùn Mí, Oorun Ni Wọ́n Ń Bi Mí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìrora àti Físíótẹ́rápì

Ẹni tó bá lọ rí onífísíótẹ́rápì (ẹni tó ń fi eré ìdárayá, ìfọwọ́ra àti ẹ̀rọ tọ́jú ara) nítorí ìrora sábà máa ń rò pé wọ́n á tẹ òun níbi tó ń dun òun, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé e, ó parí. Bí wọ́n bá wá ń bi í bó ṣe ń sùn, bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí, àti ohun tó ń bà á lẹ́rù, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàyéfì. Àwọn ìbéèrè yẹn ní ìdí, ìdí náà sì wà nínú bí òye ọmọ aráyé nípa ìrora ṣe ń yí padà láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún títí di òní. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè jù la dáhùn sísàlẹ̀ yìí.

Kí ló kan onífísíótẹ́rápì nínú tíọ́rì? Kó ṣáà wo ibi tó ń dùn mí.

Kò sí ẹni tó ń tọ́jú ìrora tí kò ní tíọ́rì kan lọ́kàn, bí òun fúnra rẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ní in. Ẹni tó gbà pé ìrora kò lè wà àfi tí nǹkan bá bàjẹ́ lára, ohun tó bàjẹ́ ni á máa wá kiri. Bí kò bá rí i, á ní kò sí ohun tó ṣe yín. Ẹni tó gbà pé ọpọlọ máa ń kó ìròyìn jọ láti oríṣiríṣi ibi kí ìrora tó wáyé, ohun púpọ̀ ni á kọ́kọ́ béèrè kó tó fọwọ́ kàn yín. Nígbà kan rí, tí ẹ̀yìn bá ń dun ènìyàn, orí ibùsùn ni wọ́n máa ń ní kó wà fún ọjọ́ púpọ̀. Lónìí, kó dìde, kó máa rìn, ni ìmọ̀ràn tó wà níta. Ẹ̀yìn ò yí padà, òye ìrora ló yí padà.

Kí tiẹ̀ ni ìrora?

Ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ìrora, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IASP, gbé ìtumọ̀ kan jáde ní 1979, wọ́n sì tún un ṣe ní 2020. Kókó ohun tí wọ́n sọ ni pé ìrora jẹ́ ìrírí tí kò bára dé, nínú ara àti nínú ọkàn pọ̀, tó bá ìpalára tàbí ohun tó fẹ́ pa ara lára rìn, tàbí tó jọ irú èyí tó máa ń bá a rìn. Ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Ó fàyè sílẹ̀ fún ìrora tí kò ní ìpalára kankan nídìí, tó sì jẹ́ ìrora gidi síbẹ̀.

Wọ́n tún ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ìkìlọ̀ tí iṣan ìmọ̀lára ń gbé lọ sókè láti ibi tí ewu wà jẹ́ nǹkan kan, ìrora tí ènìyàn ń ní sì jẹ́ nǹkan mìíràn. Ìkìlọ̀ lè wà kí ìrora má sí, ìrora náà sì lè wà nígbà tí ìkìlọ̀ kéré gan-an. Wọ́n ní kí a bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní nǹkan ń dun òun, àti pé bí ẹnì kan ò bá lè sọ̀rọ̀, kò túmọ̀ sí pé kò lè ní ìrora.

Ẹni tó bá sì ń gbàdúrà pé kí òun má mọ ìrora mọ́ láé, kó ronú wò. Ní 2006, àwọn olùwádìí rí i pé àbùkù nínú àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní SCN9A ló fà á tí àwọn ọmọ kan nínú àwọn ìdílé kan ní Pakistan kò fi mọ ìrora rárá láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Àwọn ọmọ náà ń gé ahọ́n ara wọn jẹ, wọ́n ń fẹsẹ̀ tó ṣẹ́ rìn.

Kí ni àwọn ará ìṣáájú gbà pé ó ń fa ìrora?

René Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Faransé, ya àwòrán kan sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní èdè Faransé ní 1664, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹnì kan sún mọ́ iná. Iná fa okùn tín-ín-rín kan tó gba inú ara gòkè lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ sì gbọ́, bí ìgbà tí a fa okùn nísàlẹ̀ tí agogo dún lókè. Bí ẹ bá fa okùn jẹ́jẹ́, agogo á dún jẹ́jẹ́. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Max von Frey ní Jámánì mú èrò tó jọ èyí wọ inú sáyẹ́ǹsì: ó ní àwọn ojú kan wà lára awọ tó jẹ́ pé ìrora nìkan ni iṣẹ́ wọn. Alfred Goldscheider bá a jiyàn, ó ní bí ìròyìn ṣe ń wọlé tó àti bó ṣe ń kóra jọ ló ń di ìrora.

Nínú físíótẹ́rápì, èrò Descartes ló bí àṣà pé kí a wá ibi tó bàjẹ́, kí a tún un ṣe, kí ìrora lọ. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí ọrùn ẹsẹ̀ yín bá rọ́ lánàá, tó wú, tó gbóná, tí ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àlàyé yìí bá a mu púpọ̀: ẹran ara fara pa, ẹ dáàbò bò ó díẹ̀, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń jiná ni ìrora á máa dín kù. Ibi tí wàhálà wà ni ìrora tó ti lé ní oṣù mẹ́ta.

Kí ló fi hàn pé àlàyé yẹn kò tó?

Ó pọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Henry Beecher, bi àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ gan-an ní Ítálì bóyá wọ́n fẹ́ oògùn ìrora. Nínú ìròyìn tó gbé jáde ní 1946, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló ní ìrora àwọn ò tó èyí tí àwọn máa fi gba oògùn. Beecher rò pé ohun tí ọgbẹ́ náà túmọ̀ sí fún wọn ló fà á: ẹni tó gbọgbẹ́ ti kúrò lójú ogun, ó wà láàyè, ó ń lọ sílé.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, ròyìn ní 1995 pé òṣìṣẹ́ ìkọ́lé kan bẹ́ sórí ìṣó gígùn tó sì yọ sókè láti inú bàtà rẹ̀. Ìrora náà le débi pé wọ́n ní láti fún un ní oògùn amárarọ kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan ìṣó ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n rí i pé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni ìṣó gbà kọjá, kò há a lára rárá. Ojú rẹ̀ ló rí ìṣó, ọpọlọ rẹ̀ ṣírò ewu, ìrora dé. Kò purọ́.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ẹ̀yìn ló ń bá àwọn ènìyàn jà jù lọ. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2015 wo àwòrán ẹ̀yìn ènìyàn 3,110 tí ẹ̀yìn ò dùn rárá. Láàárín àwọn ẹni ogún ọdún, díìsìkì àárín eegun ẹ̀yìn ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ti ń gbó. Láàárín àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún, ó di ìdá 96. Díìsìkì tó wú síta wà lára ìdá 30 àwọn ẹni ogún ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń sáré, wọn ò mọ̀ pé nǹkan kan ń bẹ lẹ́yìn àwọn. Nítorí náà, bí wọ́n bá ka èsì MRI yín, ìyẹn àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ ń yà, tí ẹ gbọ́ pé díìsìkì ti ń gbó, ẹ má tíì sọ pé ọwọ́ ti tẹ ohun tó ń dùn yín. Ó lè jẹ́ òun. Ó sì lè jẹ́ pé bí irun ṣe ń funfun ni òun náà ṣe ń gbó.

Mo gbọ́ nípa “ilẹ̀kùn ìrora”. Kí ni?

Bí ẹ bá forúnkún gbá nǹkan, kí ẹ tó ronú rárá, ọwọ́ yín á ti wà níbẹ̀ tí ẹ ń ra á. Ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Ronald Melzack, ará Kánádà, àti Patrick Wall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àlàyé kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1965 tó sọ ìdí tí èyí fi lè rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí iṣan ìmọ̀lára ti ń wọlé, ohun kan wà tó ń ṣe bí ilẹ̀kùn. Àwọn iṣan tín-ín-rín ń gbé ìkìlọ̀ ewu bọ̀. Àwọn tó lọ́ra jù nínú wọn kì í rìn ju nǹkan bíi mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn iṣan tó nípọn ń gbé ìfọwọ́kàn àti ìgbọ̀n, wọ́n sì yára ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bí àwọn tó nípọn bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ta àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan jí níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ni láti dí ọ̀nà mọ́ ìkìlọ̀, kí ìwọ̀nba díẹ̀ lára rẹ̀ lè gòkè. Ọpọlọ pẹ̀lú lè ránṣẹ́ wá sílẹ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn tàbí láti tì í. Abala kejì yìí ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé.

Kì í ṣe gbogbo bí wọ́n ṣe to iṣan wọ̀nyẹn nínú àwòrán 1965 ló dúró títí di òní. Síbẹ̀, láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé ọ̀pá ẹ̀yìn kàn jẹ́ wáyà tó ń gbé ìrora kọjá.

Ṣé ìyẹn ni pé ẹ̀rọ TENS ń ṣiṣẹ́?

TENS ni ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ ta iṣan ìmọ̀lára láti orí awọ. Inú tíọ́rì ilẹ̀kùn ló ti jáde. Ní 1967, Wall àti William Sweet ròyìn pé nígbà tí àwọn fi iná mànàmáná díẹ̀ ta àwọn iṣan tó nípọn, ìrora àwọn kan lọ fúngbà díẹ̀.

Ẹ fiyè sí “fúngbà díẹ̀” yẹn. Àwọn kan máa ń ní ìtura nígbà tí ẹ̀rọ wà lára wọn, bóyá àti fún ìwọ̀nba àkókò lẹ́yìn rẹ̀. Fún ẹ̀yìn tó ti ń dunni tipẹ́, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2023 kò fọwọ́ sí TENS, kò sì fọwọ́ sí fífa ẹ̀yìn àti ẹ̀rọ ultrasound (tó ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ ta ara). NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ti sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní 2016. Lójú tèmi, ẹni tí TENS ń bá dín ìrora kù kó lè jáde rìn, kó lò ó kó sì rìn. Ẹni tó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà tó bá wá, tí kò sì ṣe nǹkan mìíràn, owó rẹ̀ ló ń ná.

Ọpọlọ wá lè dá ìrora dúró fúnra rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, a sì mọ díẹ̀ nínú bó ṣe ń ṣe é. Ní 1969, David Reynolds fi iná mànàmáná ta ojú kan ní àárín ọpọlọ eku, ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láìfi oògùn kùn ún. Ní 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz ní Aberdeen rí èròjà kan nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bíi mọ́fíìnì: ara ń po oògùn ìrora tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwádìí kan lórí àwọn tí wọ́n yọ eyín fún fi hàn pé ìtura tí ènìyàn ń ní nítorí ó gbà pé òun ti gba oògùn máa ń dín kù bí wọ́n bá fún un ní ohun tó ń dènà mọ́fíìnì. Ìgbàgbọ́ ẹni náà ló ti jẹ́ kí ara rẹ̀ tú èròjà gidi jáde.

Ohun mẹ́ta ni èyí ń sọ fún onífísíótẹ́rápì. Eré ìdárayá fúnra rẹ̀ máa ń dín ìrora kù lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí ẹran ara tó lágbára rárá. Ìfọwọ́ra àti títẹ oríkèé máa ń tuni lára, àmọ́ ó jọ pé ohun tí wọ́n ń ṣe sí iṣan ìmọ̀lára àti ọpọlọ ló ń mú ìtura náà wá ju pé wọ́n dá eegun tó yẹ̀ padà sí ààyè. Ẹni tó bá ní òun “gbé eegun padà” fún yín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ bi í pé kí ló dé tí eegun náà kì í dúró. Ìkẹta ni pé ìbágbépọ̀ àárín aláìsàn àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ wà lára ìtọ́jú.

Ọgbẹ́ mi ti jiná. Kí ló dé tó ṣì ń dùn mí?

Ajá tí olè bá wọlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í tún dúró dé olè kó tó gbó. Ewúrẹ́ kọjá, á gbó. Ewé jábọ́, á gbó. Kò ya wèrè, ó ń ṣọ́lé ni, àmọ́ ó ti ń ṣọ́ ọ jù.

Ohun tó jọ èyí ni Clifford Woolf fi hàn ní 1983 nínú ọ̀pá ẹ̀yìn eku. Lẹ́yìn ìpalára, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìkìlọ̀ máa ń tètè ta jí, wọ́n á sì máa dáhùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó ń dunni díẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá máa dunni púpọ̀. Aṣọ lásán tó fara kan awọ lè máa ta bí iná. Ibi tó ń dunni á fẹ̀ kọjá ibi tó fara pa. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìtají yìí á rọlẹ̀ bí ọgbẹ́ ṣe ń jiná. Lára àwọn kan, kò rọlẹ̀.

Àìsùn dáadáa, ìdààmú ọkàn àti àìgbéra máa ń jẹ́ kó pẹ́. Ẹ wá rí ìdí tí wọ́n fi ń bi yín nípa oorun: ẹni tí kò sùn tó, ara rẹ̀ máa ń tètè mọ ìrora lọ́jọ́ kejì. Fún irú ìrora yìí, bí wọ́n bá ń tẹ ojú kan náà kíkankíkan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wá, ajá yẹn ni wọ́n ń tọ́ níjà.

Ṣé ẹ ń sọ pé inú orí mi ló wà?

Rárá. Iṣan ìmọ̀lára, ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ jẹ́ ẹ̀yà ara bí orúnkún ṣe jẹ́ ẹ̀yà ara. Bí iṣẹ́ wọn bá yí padà, ara ló yí padà. Kò sí ìrora tí kì í gba ọpọlọ kọjá, títí kan ti ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Onífísíótẹ́rápì tó bá fi ọ̀rọ̀ “ọpọlọ” lé yín bíi pé irọ́ lẹ ń pa, kò lóye tíọ́rì náà.

Ẹ̀rù ń bà mí láti tẹ̀. Ṣé kò yẹ kí n ṣọ́ra?

Ìbéèrè yìí ló yẹ ká pẹ́ sí jù, nítorí ibẹ̀ ni ìtọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń há sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan tẹ̀ láti gbé ẹrù, nǹkan ta á lẹ́yìn. Ẹnì kan á sinmi lọ́jọ́ kan tàbí méjì, á máa ṣe díẹ̀díẹ̀, á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹlòmíràn á sọ pé: “Ẹ̀yìn mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí mo bá tún tẹ̀, mo lè di arọ.” Kò ní tẹ̀ mọ́. Á máa gbé ara gan bí igi kó tó jókòó. Á fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀, á fi eré sílẹ̀, á máa fetí sí ẹ̀yìn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹran ara tí kò ṣiṣẹ́ á rọ, oríkèé á le, ọkàn á rẹ̀wẹ̀sì. Bó bá wá ṣèèṣì tẹ̀ díẹ̀, á dùn ún ju ti àkọ́kọ́ lọ, á wá ní: “Mo sọ bẹ́ẹ̀!” Àyípo yìí ni Johan Vlaeyen àti Steven Linton ṣàlàyé ní 2000, lórí ìpìlẹ̀ tí àwọn mìíràn ti fi lélẹ̀ ní 1983. Ṣáájú Vlaeyen àti Linton, ní 1987, Gordon Waddell, dókítà oníṣẹ́ abẹ eegun ní Scotland, ti ń pariwo pé ara nìkan kọ́ ni a gbọ́dọ̀ máa tọ́jú nínú ọ̀ràn ẹ̀yìn dídùn, pé ọkàn ẹni náà àti àwùjọ tó yí i ká wà nínú rẹ̀.

Kí ni onífísíótẹ́rápì máa ṣe? Kò ní sọ pé “ẹ má bẹ̀rù” kó sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í lé ẹ̀rù. Á ní kí ẹ to àwọn ohun tí ẹ̀ ń sá fún, láti orí èyí tó ń bà yín lẹ́rù díẹ̀ dé orí èyí tí ẹ ò jẹ́ dán wò. Ó lè jẹ́ pé wíwọ ìbọ̀sẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, gbígbé ọmọ kúrò nílẹ̀ ló wà lókè. Á béèrè ohun tí ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ lè ní nǹkan á já. Ẹ ó wá tẹ̀, níwájú rẹ̀. Nǹkan ò já. Ó lè dùn díẹ̀, àmọ́ nǹkan ò já. Ẹ ó tún un ṣe, ẹ ó sì gun àkàbà náà díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń yí padà nínú rẹ̀ ni bí ọpọlọ ṣe ń ṣírò ewu. Agbára ẹran ara á tẹ̀ lé e.

Òdìkejì ẹni tó ń sá ni ẹni tó ń ya bo ó. Lọ́jọ́ tí ara bá yá a, á fọ gbogbo aṣọ ilé, á gbá gbogbo àyíká. Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kò ní lè dìde. Ìyẹn náà ń kọ́ ara pé iṣẹ́ léwu. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, a máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ohun tó lè ṣe lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò dá. Bó bá lè rìn fún ìṣẹ́jú 8 lọ́jọ́ burúkú, tó sì lè rìn fún 25 lọ́jọ́ rere, 8 ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ ọjọ́ rere. Lẹ́yìn náà, a ó máa fi kún un bí ètò ṣe wí, kì í ṣe bí ìrora ṣe wí. Àwọn akíkanjú kì í fẹ́ràn ìmọ̀ràn yìí.

Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu onífísíótẹ́rápì lè mú kó dùn sí i?

Ó lè mú kó dùn sí i, ó sì lè mú kó rọlẹ̀. “Orúnkún yín ti jẹ tán, eegun ń họ eegun” máa ń dúró lọ́kàn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni náà á sì máa dáàbò bo orúnkún tó yẹ kó máa lò. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ nípa ìrora fi di apá kan nínú ìtọ́jú: wọ́n á jókòó tì yín, wọ́n á ṣàlàyé ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí. Ẹ̀kọ́ nìkan kì í mú ìrora lọ púpọ̀. Ibi tó ti ń wúlò ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ gbà láti gbéra, nítorí náà òun àti eré ìdárayá ló gbọ́dọ̀ jọ rìn.

Wọ́n ní kí n máa wo ọwọ́ mi nínú dígí. Ṣé ìtọ́jú nìyẹn?

Ìtọ́jú ni. Ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa ní ìrora nínú ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́. Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tó mú kí Melzack kúrò lórí ilẹ̀kùn ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sórí ọpọlọ: ó ní ọpọlọ ní àwòrán gbogbo ara nínú, ìsokọ́ra sẹ́ẹ̀lì káàkiri inú rẹ̀ ló sì ń gbé ìrora jáde, pẹ̀lú ìròyìn láti ara tàbí láìsí i. Ní àwọn ọdún 1990, Vilayanur Ramachandran gbé dígí sí àárín ọwọ́ tó wà àti èyí tí kò sí, kí ojú lè máa rí ọwọ́ méjì tó ń lọ tó ń bọ̀. Lorimer Moseley tún un tò ní 2004 fún àwọn tí ọwọ́ wọn ń dùn kọjá ààlà lẹ́yìn ìpalára: kí wọ́n kọ́kọ́ máa wo àwòrán ọwọ́ kí wọ́n sọ bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa fojú inú wo bí ọwọ́ ṣe ń lọ, lẹ́yìn ìyẹn ni dígí. Kì í bá gbogbo ènìyàn ṣe é.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ irú ìrora tí mo ní?

Etí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ̀ ọ́n. Ìrora tó dúró sójú kan, tó ń le bí ẹ bá ṣe báyìí, tó ń dẹ̀ bí ẹ bá ṣe bọ́hùn-ún, sábà máa ń ti ara ẹran tàbí oríkèé wá. Èyí tó ń ta bí iná, tó ń sáré gba ẹsẹ̀ lọ sísàlẹ̀, tí ibẹ̀ kú tipiri tàbí tó ń jẹ yín bí èèrà, ń tọ́ka sí iṣan ìmọ̀lára tó fara pa. Èyí tó tàn káàkiri, tí kò tẹ̀ lé ìlànà kan, tó bá àárẹ̀ àti àìsùn rìn, tí ariwo àti ìmọ́lẹ̀ pàápàá ń yọ ẹni náà lẹ́nu, ìtají ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ni à ń rò nípa rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá yẹ ara wò.

Ìgbà wo ni kò yẹ kí n dúró sọ́dọ̀ onífísíótẹ́rápì?

Bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín tí ojú ara tàbí ìdí yín sì kú tipiri, tí ẹ ò lè tọ̀ tàbí tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń jáde láìmọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, ilé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ tún tètè rí dókítà bí ìrora bá bá ibà rìn, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, bí ẹ bá ti ní àrùn jẹjẹrẹ rí, bí kò bá rọlẹ̀ tọ̀sán-tòru bó ti wù kí ẹ dùbúlẹ̀ sí, tàbí bó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú ńlá. Níbi irú nǹkan báwọ̀nyí, àlàyé Descartes ló yẹ ká kọ́kọ́ gbà gbọ́: ohun kan lè ti bàjẹ́.

Ṣé kí n dúró bí eré ìdárayá bá ń dùn mí?

Kò pọn dandan. Ọ̀pọ̀ onífísíótẹ́rápì máa ń ní kí ẹ fi nọ́ńbà láti 0 dé 10 díwọ̀n rẹ̀. Bí kò bá ju nǹkan bíi 4 tàbí 5 lọ, tó sì ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ máa bá a lọ. Bó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó bá yín sùn tó sì bá yín jí, ẹ dín in kù. Ẹ má pa á tì. Ọgbẹ́ tuntun, eegun tó ṣẹ́ àti iṣẹ́ abẹ tí kò tíì pẹ́ ní òfin tiwọn, ẹni tó ń tọ́jú yín ni kó sọ ibi tí ẹ lè dé.

Irú eré ìdárayá wo ló dára jù fún ìrora tó ti pẹ́?

Fún ẹ̀yìn tó ti ń dunni tipẹ́, kò sí ọ̀kan tó fi bẹ́ẹ̀ ta àwọn yòókù yọ. Ìrìn, wíwẹ̀ nínú omi, gbígbé nǹkan wúwo díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn ń ràn án lọ́wọ́. Èyí tí ẹ ó lè máa ṣe lóṣù mẹ́fà sí i, tí kò ní sú yín, ni kí ẹ mú.